Àmín Mẹ́ta ní Sálkìtì

Ohùn ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́.

Lékè Oyèbámijí dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kẹta, yìnyín ṣì wà léjìká kóòtù rẹ̀, ó sì ti na káàdì ọrùn rẹ̀ sójú ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Láti inú lọ́hùn-ún, ohùn ọkùnrin kan ń sọ fáwọn ọmọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n jókòó, kí ẹni tó bá ní ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu tètè tu ú dànù kó tó gbé e mì, nítorí òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ tí Lékè máa ń fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àràárọ̀ nìyẹn. Ohùn náà há díẹ̀ nísàlẹ̀, bí ohùn ẹni tó mu sìgá nígbà èwe tó sì ti jáwọ́. Lékè náà mu sìgá nígbà èwe, ó sì ti jáwọ́.

Ó wo káàdì náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti gbé e kọ́rùn ní Sálkìtì, ìlú kékeré kan tí atẹ́gùn kì í sinmi níbẹ̀, ní ilẹ̀ Mongólíà. Láti ọjọ́ tó ti dé, iná ara káàdì náà kò yẹ̀ kúrò ní àwọ̀ ewé rí. Àwọ̀ ewé ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, òun ló ń ra búrẹ́dì, òun ló ń mú kí ẹ̀rọ amúlégbóná yàrá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí òtútù bá ń fọ́ ìgò níta. Láàárọ̀ yìí, iná náà ti pọ́n bí ìbẹ́pẹ.

"Bágíṣì!"

Bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Sárnáì ló ń sáré bọ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí kì í tètè dé ilé-ẹ̀kọ́ láyé.

"Bágíṣì, ẹ̀yin náà pẹ́ lónìí? Ó mà dára o! Ẹ jẹ́ ká jọ wọlé, kí wọ́n bá wa wí pọ̀."

Ó yọ etí kejì rẹ̀, ohun róbótó kan tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, tó ń tú gbogbo èdè ayé sí ọmọ aráyé létí. Ó jù ú sínú abọ́ onígi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí tàwọn mọ́kànlélógún yòókù wà. Nígbà tí etí kejì dé, kò sẹ́ni tó tún ń kọ́ èdè ẹnìkejì mọ́ àfi nítorí ìdánwò Ẹnu Ara-Ẹni, tí ọmọ gbọ́dọ̀ yege kó tó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìdánwò yìí ló fi oúnjẹ sẹ́nu irú Lékè. Sárnáì na ọwọ́ sílẹ̀kùn, ó wá dúró. Ó gbọ́ ohùn tó wà nínú. Ó bojú wo ẹnu Lékè, ẹnu náà pa dé.

"Bágíṣì, ta ló wà nínú?"

"Ìwọ ni kó o sọ fún mi."

Ọmọ náà fi etí lé pákó. "Ẹ̀yin ni," ó wí. "Àmọ́ èyí tó wà nínú kì í wúkọ́."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó ṣí, Lékè sì tẹ̀lé e wọlé bí ẹni tó ń wọ ilé onílé.

Igbá, ẹ̀rọ olùkọ́ tí ohùn yẹn ti ń jáde, wà lókè pátákó, funfun, róbótó, bí ìlàjì igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ara ògiri. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ìjọba gbé e wá. Nígbà náà, bí ẹni tó ń ka orúkọ òkú ní ibùdókọ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ a máa ju rọ́bà lù ú. Oyúnà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ló bọ́ ìborùn onírun àgùntàn rẹ̀ bò ó lójú, ó ní kó sùn. Kò sí ìborùn lórí rẹ̀ mọ́ lónìí. Ó ń sọ ìtàn ewúrẹ́ Ìgbẹ́tì tó jẹ ìwé orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì, tí tíṣà wá ń pe orúkọ láti inú ewúrẹ́. Ewúrẹ́ bàbá Lékè ni. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá tábìlì.

Ọmọ kékeré kan níwájú ò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kún fún omijé, bóyá wọ́n ti lù ú nílé. Igbá náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó tó, ọmọ mi, ó tó," ó wí. Lẹ́yìn náà ó kùn. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn, orin lásán ló fi imú kùn, ó gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà fi ọwọ́ nu imú, ó dákẹ́.

Lékè di etí tábìlì mú. Ohùn tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í láàárọ̀ ni igbá ń kùn yẹn. Kò kọ ọ́ lójú àwọn ọmọ rí. Ní gbogbo ilẹ̀ tó tẹ́ lọ bí ẹní yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ ọ́, ojú ẹnì kan ṣoṣo ló sì ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni igbá náà kí i lédè Gẹ̀ẹ́sì, tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Gbogbo ọmọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n yíjú sí i, wọ́n tẹríba. "Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ káàbọ̀ sí kíláàsì wa!"

Bó ṣe kọ́ wọn láti máa kí àlejò nìyẹn.

*

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Mo ti bu tíì yín."

Yorùbá ni Oyúnà fi sọ ọ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Etí kejì rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì oníwàrà oníyọ̀ tí wọ́n ń mu níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ èdè yìí lẹ́nu Lékè, ní ọjọ́rọ̀ọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ṣíwọ́. Kò sí ìdánwò tó fẹ́ ṣe, kò sí ìwé ẹ̀rí tó ń wá. Lọ́dún kìíní, "ẹ̀gbọ́n" ń há a lọ́fun bí eegun ẹja. Lọ́dún kẹrin ó ti ń bú awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Yorùbá, tí awakọ̀ ń dúpẹ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́yìn odi mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: kí ẹnì kan wà ní gbogbo ìlú tí yóò bi ọ́ pé ṣé o jí ire, tí ìwọ náà yóò dáhùn láìronú.

"N ò mu tíì," Lékè wí.

"Ẹ ò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀."

"Oyúnà. Mo ní n ò mu tíì."

Ó gbé ife náà sún sẹ́yìn, ó tún gbé e sún síwájú.

"Ṣé o ti mọ̀?" Lékè bi í. "Lọ́jọ́ tó o wá bá mi, ṣé o ti mọ̀ kó o tó wọlé?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà tó ò ń sunkún ńkọ́?"

"Ẹkún yẹn, tòótọ́ ni."

"Àdúrà yẹn ńkọ́?"

"Òun náà, tòótọ́ ni." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀. Ohun tó burú nínú ẹ̀ nìyẹn."

Oṣù kan géérégé sẹ́yìn ni. Ìyá Lékè kú ní Ìgbẹ́tì, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Òfin káàdì sì ni pé olùkọ́ tó bá fi Mongólíà sílẹ̀ ju ọjọ́ méje lọ, ohùn rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ padà. Láti Sálkìtì dé Ìgbẹ́tì, ọjọ́ mẹ́ta ni àlọ, ọjọ́ mẹ́ta ni àbọ̀, ta ló wá ń sin òkú àgbà lọ́jọ́ kan bí ẹni ń sin adìyẹ? Inú gíláàsì fóònù tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló ti wo bí wọ́n ṣe ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àkọ́bí bu yèèpẹ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ló bu ú nítorí tirẹ̀. Lékè na ọwọ́ tirẹ̀ náà, òfìfo.

Lọ́jọ́ kẹta ó jókòó nìkan ní kíláàsì kẹta lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Oyúnà wọlé. Ó ju etí kejì rẹ̀ sínú abọ́, ó kúnlẹ̀, ó sì wí pé, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù." Lékè ò kọ́ ọ nìyẹn rí. Àṣé ó ti lọ wá a fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ya bí ìsédò tó ti gbó. Oyúnà bi í pé báwo ni ìyá ṣe máa ń pè é. Ó sọ. Oyúnà ní kó ṣe é bí ìyá ṣe ń ṣe é. Lékè ṣe é, ó ki oríkì náà tekún-tekún: *Àdìgún, ọmọ tó sunkún kó tó jáde sáyé, tó rí òjò tó bú sẹ́rìn-ín. Àdìgún, má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀nà jìn mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.* Oyúnà wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣàdúrà.

"Kí ìyá wa sùn re o."

"Àmín."

"Kí ohùn tí wọ́n fi ń pè yín má parun láyé."

"Àmín."

"Kí ohùn ẹ̀yin náà máa gbé pẹ̀lú wa níbí, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, títí láé."

"Àmín," ni Lékè dáhùn, ó sì fi ojú sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó rí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan láàárín òwú ìborùn tó bo igbá lọ́jọ́ náà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló pè é.

"Ohun méjì ni wọ́n ní ó kù fún igbá," Oyúnà wí báyìí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ayọ̀ yín, ó ti gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ìbànújẹ́ yín ni kò gbọ́ rí. Àti kí ẹ gbà lẹ́ẹ̀mẹta, lójú rẹ̀, láìsí etí kejì láàárín. Ọmọ méjìlélógún ló kù fún wa, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tí igbá rẹ̀ ò bá lè sọ̀rọ̀ bí ènìyàn kí yìnyín tó bo ọ̀nà, àwọn á tì í pa. Wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú ńlá. Sárnáì á máa sùn sílé ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí."

"O ò lè bi mí?"

"Ẹ̀ bá kọ̀."

"O wá mọ̀ pé mo lè kọ̀."

Oyúnà fi ìka nu omi tíì tó kán sórí tábìlì.

"Mo kọ́ ọ lédè mi," Lékè wí, ohùn rẹ̀ ò ga, "kí n lè rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀. O gbé e, o fi ṣe kọ́kọ́rọ́ sí mi láyà."

Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí Lékè ò ti mọ èwo ni ilé, èwo ni òde mọ́.

*

Kí tíì náà tó tutù tán, ẹni tó ti Ilé-iṣẹ́ Ohùn ti ìjọba wá ti dé. Gánbólì lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ ọ̀wọ̀, tí bàtà rẹ̀ ń da omi yìnyín sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń sọ èdè tirẹ̀, etí kejì tí wọ́n há mọ́ kọ́là rẹ̀ sì ń tú u sí Yorùbá tó nà tọ́ọ́rọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Bàbá, ẹ má ṣe bínú. Igbá ti gba ipò yín. Ọjọ́ méje ni káàdì yín yóò fi pọ́n báyìí. Lẹ́yìn náà yóò pupa. Bí ó bá pupa, ilé kò ní gbóná mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣì wà."

Ó gbé àwo dúdú kékeré kan kalẹ̀, ó fi ìka kàn án. *Àmín*, ni àwo náà wí. *Àmín.* Ẹ̀kẹta wá pẹ̀lú ẹkún nínú. Oyúnà yíjú sógiri.

"Ẹ óò sọ gbólóhùn kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta," Gánbólì wí, "pé àwọn Àmín mẹ́ta yìí, ètè lásán ni ẹ fi ṣe wọ́n, ọkàn yín kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, igbá yóò gbàgbé yín lójú ẹsẹ̀, káàdì yín yóò padà sí àwọ̀ ewé, ẹ óò sì máa bá iṣẹ́ yín lọ."

"Ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi, bàbá."

"Ṣé mo lè yọ ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀? Ẹ̀kẹta yẹn nìkan?"

"A ti so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà nínú méjì, òfin gbà pé ó wà nínú ẹ̀kẹta." Ó tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ní tòótọ́. "Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣé ẹ̀yin kì í sọ ohun tí kò sí lọ́kàn yín ni?"

"Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí," Lékè wí. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń bi àwọn ọmọ láràárọ̀ pé báwo ni nǹkan, tí wọ́n ń dá mi lóhùn pé dáadáa ni, a dúpẹ́, ẹ̀yin ńkọ́, tí ikun ń ṣàn lé wọn lẹ́nu."

Gánbólì bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti yé yín nìyẹn! Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ọ̀gá mi."

Lékè wo Oyúnà, ó ń dúró kó sọ ọ̀rọ̀ kan péré, kó ní *ẹ sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ*. Bó bá sọ ọ́, kò sí ohun tí òun ò ní lè dárí jì í. Oyúnà ń ka bí wọ́n ṣe ya òdòdó sára ife.

Lékè ro ti yàrá rẹ̀, fèrèsé tó kọjú sí òkè, ibùsùn tó ti mọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ro ilé Ìgbẹ́tì, tí kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn, tí kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó lè dá ojú rẹ̀ mọ̀ láìbi í pé ọmọ ta ni. Ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kọ́ ni èèyàn ń kó ẹrù padà bẹ̀rẹ̀ ayé. Ó la ẹnu. Gánbólì sún àwo náà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹ̀yìn eyín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dúró sí yẹn ni ìyá rẹ̀ ti bá a. Ó rí i bó ṣe rí ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà èwe, lórí ẹní, bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ márùn-ún tí oorun ń kùn, tí wọ́n ń fi imú ṣe Àmín kí wọ́n lè tètè lọ sùn. Ìyá á dá àdúrà dúró. "Àmín tí ò dé ikùn, kò lè dé ọ̀run. Ẹ tún un ṣe." Wọ́n á tún un ṣe títí gbogbo ara yóò fi jí.

"N ò lè sọ ọ́," Lékè wí.

"Bàbá, ẹ rò ó dáadáa."

"Mo ti rò ó. Lọ́jọ́ tí àwo yín gbọ́ Àmín yẹn, ìyá mi ni mò ń sin. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti sin ín. Ẹ wá ní kí n lọ hú u."

Gánbólì kó àwo rẹ̀ sápò pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tó gbé ohun tó lè fọ́.

*

Lọ́jọ́ keje, bọ́ọ̀sì dúró níwájú ilé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ń kùn, èéfín ń jáde. Àpótí kan ni Lékè gbé. Àwọn ọmọ tú síta láì fi etí kejì sétí, wọ́n tò lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n. Sárnáì, tó tètè dé fún ìgbà àkọ́kọ́, di etí kóòtù rẹ̀ mú.

"Bágíṣì, ẹni tara ògiri yẹn, mo máa kọ́ ọ ní ikọ́ wíwú."

"Ìwọ nìkan lo lè kọ́ ọ," Lékè wí, ó sì fọwọ́ pa á lórí.

Oyúnà ti jáde. Ó gbé ife wàrà kan dání, nítorí àṣà ilẹ̀ wọn ni láti da wàrà tẹ̀lé ẹni tó ń rìnrìn àjò, kí ọ̀nà rẹ̀ lè funfun. Ó fi ìka ọ̀tún ta á sókè, sí ọ̀tún, sí òsì, ó kán sórí yìnyín, funfun lórí funfun. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, láìsí àṣìṣe kankan, ohùn àti ìró, bí ọmọ tí wọ́n bí sí Ìgbẹ́tì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ óò délé láyọ̀. Ẹsẹ̀ yín ò ní kọ̀. Ọ̀nà ò ní jìn mọ́ yín lẹ́sẹ̀."

Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, wàrà ń kán láàárín ìka rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ dàgbà nílé àdúrà mọ bí ó ti rí, kí wọ́n ṣàdúrà fúnni kéèyàn má dáhùn. Ó dà bíi kí wọ́n na ọwọ́ kéèyàn fi í sílẹ̀ lófuurufú. Ọ̀rọ̀ náà ń ti Lékè láti ikùn wá, ó gun àyà, ó dé ọ̀fun. Ó di eyín pọ̀. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò ṣe irú ẹ̀ rí. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó gun àkàsọ̀ bọ́ọ̀sì, kò wẹ̀yìn.

Fèrèsé kíláàsì kẹta ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Láti ibẹ̀, ohùn ọkùnrin kan, tó há díẹ̀ nísàlẹ̀ bí ohùn ẹni tó mu sìgá nígbà èwe tó sì ti jáwọ́, dáhùn pẹ̀lú gbogbo ọkàn:

"Àmín."